Iyanrìn Inú Ìwé Òfò

Don Tadeo Acosta, ọ̀gá àwọn akódà ní Santa Cruz ti erékùṣù La Palma, gbé gègé ìkọ̀wé sílẹ̀, ó ní òun ò fọwọ́ sí i.

"Kí ló dé tí ẹ ò fọwọ́ sí i?" Doña Úrsula Brito bi í. "Ṣé ìwé ò sí níwájú yín ni, àbí ojú ló ń dùn yín?"

"Ojú ò dùn mí, Doña. Inú mi ló ń kọ̀ ọ́."

Havana ni wọ́n ní ìwé náà ti wá, lódìkejì òkun ńlá. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní àlùfáà ló kọ ọ́ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti pa Melchor Brito, àbúrò Doña Úrsula, tó ti wá iṣẹ́ lọ sí Kúbà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ìda dúdú ni wọ́n fi dì í, bí wọ́n ṣe ń di ìwé òfò. Ọ̀bẹ ti là á níbi méjì, ó sì ń rùn fún ọtí kíkan, nítorí pé gbogbo ìwé tó bá ti ilẹ̀ ibà wá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlera ń là ní èbúté, tí wọ́n á sì rì í sínú ọtí kíkan kó tó wọ̀lú. Kò sí ohun tí ìwé òkèèrè ń ní tí èyí kò ní.

Bí Don Tadeo bá fọwọ́ sí i, Brígida, ìyàwó Melchor, ti di opó lójú òfin nìyẹn. Apá ilé tó jẹ́ ti Melchor á bọ́ sọ́wọ́ Úrsula. Brígida fúnra rẹ̀ á sì jókòó sídìí òfì Úrsula títí ọlọ́jọ́ á fi dé, nítorí pé kò bímọ, kò sì ní ibòmíràn tó lè forí lé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń hun aṣọ ṣẹ́dà tó Brígida. Gbogbo wọn náà ló mọ̀ pé Brígida ló ń hun ún, Úrsula ló ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ohun tí ìlú ṣe sí i. Wọ́n ra aṣọ, wọ́n sì lọ sílé wọn.

Brígida wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ìborùn dúdú bò ó dé ojú, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa. Opó tuntun kì í fojú kan òde fún odidi ọdún kan ní ìlú náà, àfi tó bá fẹ́ lọ gbàdúrà ní ìdájí, kì í sì í gba àlejò.

"Brígida," Don Tadeo ní, "ta ló ka ìwé yìí fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni." Brígida dáhùn. "Àwọn ló ń ka gbogbo rẹ̀. Èmi ò mọ̀wé."

"Láti ìgbà tí ọkọ rẹ ti lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ní àgbàlá níbí, lójú gbogbo aládùúgbò."

"Kí ló máa ń wà níbẹ̀?"

Brígida wo Úrsula kó tó dáhùn. "Pé kí n ṣe sùúrù. Pé nǹkan ò rọgbọ. Pé kí n máa gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu." Ó yíjú sí Don Tadeo. "Ọ̀gá, ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Aláwàdà ni. Ewúrẹ́ Òkè ló ń pè mí nítorí orí kunkun mi. Láti ìgbà tó ti lọ, kò pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan. Mo ní bóyá òkun ló gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" Úrsula pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó ń bá ibà jà, ṣé àwàdà ló kù tí yóò máa ṣe? Don Tadeo, inú ọ̀fọ̀ la wà, a ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ jẹ́ ká sunkún òkú wa."

"Ẹ máa sun ún lọ, Doña. Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé yìí dání ná."

Ó ká ìwé náà sápò, ó jáde. Inú ń bí i, kò sì tí ì mọ ẹni tí inú ń bí òun sí. Ó ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ ní erékùṣù náà. Ọkọ wọn wà lókè òkun, wọn kì í ṣe ìyàwó, wọn kì í ṣe opó, ẹlòmíràn ló ń jẹ òógùn wọn, wọ́n á tún ní kí wọ́n dúpẹ́ pé wọ́n rí ibi sùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ló ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ti Havana dé láìpẹ́ yìí, òun náà ló sì gbé ìwé náà wá. San Telmo lorúkọ rẹ̀. Ó ti kó ọtí wáìnì tán, ó ń múra àtipadà. Don Tadeo bá ọ̀gá ọkọ̀ náà, Kapitéènì Ibarra, nínú yàrá rẹ̀, ó ń fi omi ẹja gbígbóná po gófíò, ìyẹ̀fun ọkà yíyan.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọ̀gá," Ibarra ní. "Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé Brito. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí."

"Ẹ ti gbọ́ pé Melchor kú nìyẹn?"

Ṣíbí Ibarra dúró lágbedeméjì abọ́ àti ẹnu. "Melchor wo? Melchor tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ ní Havana, ọjọ́ tí mo ń ṣíkọ̀? Tó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, tó ní, 'Kapitéènì, bí ẹ ò bá gbé Ewúrẹ́ Òkè mi bọ̀, kí ẹ má ṣe padà wá o'? Ta ló pa á? Ìyàwó rẹ̀ ló kú!"

"Brígida?"

"Òun ni."

"Brígida tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tán báyìí?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ibarra fa àpótí, ó yọ ìwé pélébé kan jáde. Inú àpò ìwé tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ilé ọtí ní èbúté ló ti bá a, níbi tí ẹnikẹ́ni lè ju ìwé sí fún ọkọ̀ tó ń lọ. Ẹni tó kọ ọ́ kò kọ orúkọ, ó kàn pe ara rẹ̀ ní aládùúgbò. Ó ní ikọ́ ti pa Brígida Pestana, kí Kapitéènì jọ̀ọ́ bá òun tu Melchor nínú.

Don Tadeo gbá tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí omi ẹja fi dà. "Ẹ wo nǹkan! Wọ́n pa ọkọ fún ìyàwó, wọ́n pa ìyàwó fún ọkọ, kò sì sí sàréè kan ṣoṣo! Bí ẹ bá gbé irọ́ yìí délé, ọkùnrin yẹn á sunkún tán, á fẹ́ ẹlòmíràn. Èyí tó wà níbí á sì máa hun aṣọ nínú òkùnkùn títí tí yóò fi kú."

"Mo ti ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ fún un," Ibarra ní. "Ó ti san owó àyè ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ wo ìwé àdéhùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ."

"Ẹ gbé obìnrin náà lọ nígbà náà."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ òfin. Aya kì í wọkọ̀ láìsí ìwé ìpè ọkọ rẹ̀. Ìwé ìpè yẹn wà nínú lẹ́tà tí Melchor kọ sí i. Bí aláṣẹ èbúté ò bá rí i, ibi àtẹ̀gùn ni wọn á ti dá a padà. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, tí afẹ́fẹ́ òkè bá ti sọ̀ kalẹ̀, mo ti lọ nìyẹn. Ọkọ̀ kì í ṣe tèmi nìkan."

Don Tadeo wá mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó fi ìwé ikú pààrọ̀ lẹ́tà Melchor ni ìwé ìpè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti rí i kó tó di ìrọ̀lẹ́.

"Lórí omi, ta ló ń tọ́jú àpò ìwé yín?"

"Gaspar Camacho." Ibarra fajú ro. "Òun náà ló sì ti rí ẹni tí yóò ra àyè obìnrin náà, ọkùnrin kan báyìí tó ń kan agbá ọtí. Mo ní kò burú, ẹni tó kú ti kú."

Ilé ọtí ni wọ́n ti mú Gaspar. Atukọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo.

"Gaspar, ìwọ lo ta àyè Brígida?"

"Ọ̀gá, òkú kì í kúkú wọkọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó kú?"

"Kapitéènì ló kà á fún wa. Àní mo tún ṣí fìlà."

"Irọ́ lo pa! Ìwọ lo kọ ọ́. O kọ ìwé ikú ìyàwó, o kọ ìwé ikú ọkọ, kí àyè lè ṣófo kó o sì jèrè lórí rẹ̀."

Gaspar bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Kọ̀wé? Bí mo bá mọ̀wé ni, ṣé okùn ni màá máa fà? Ẹ lọ wo ìwé ìgbéyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbélébùú ni mo fà síbẹ̀, kò sì tọ́ dáadáa."

"O lè bẹ akọ̀wé."

"Nígbà wo? Àpò ìwé ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwa wà lórí omi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlera ò jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Lórí omi níbẹ̀ la ti gbọ́ agogo òkú ilé Brito. Nígbà tí wọ́n máa fi jẹ́ ká wọ̀lú, Úrsula ti sunkún tí ohùn rẹ̀ ti há."

"Ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ lè ti bá ọ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó débí."

Àwọn akódà fà á lọ. Wọ́n tì í mọ́lé. Gbogbo àwọn tó wà ní ilé ọtí ní Don Tadeo gbọ́n, olè náà sì lojú àánú bí ti ológbò tó jẹ ẹja. Don Tadeo kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú ẹrù Gaspar délẹ̀, wọn ò rí ìwé ìpè.

Ó padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún adájọ́. Ó tẹ́ ìwé mẹ́ta síwájú: ìwé ikú Melchor, ìwé ikú Brígida, àti ìwé àdéhùn tí Melchor kọ ní Havana. Nígbà tó gbé ìkẹta yìí, ohun kan bíi iyọ̀ já sórí apá ẹ̀wù dúdú rẹ̀. Ó gbọn ọ́n nù. Ó kọ ìlà díẹ̀, ó bu iyanrìn sórí tàdáwà kó lè gbẹ, ó fẹ́ ẹ dànù. Ó fẹ́ sórí ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù inú rẹ̀ tó funfun, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bá a jà nítorí aṣọ fífọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù náà. Iyanrìn dúdú ló wà níbẹ̀.

Iyanrìn wo ni kò dúdú? Etí òkun La Palma dúdú bí ìdí ìkòkò, ibẹ̀ sì ni gbogbo ilé tó ń kọ̀wé ti ń bu èyí tí wọ́n ń lò. Don Tadeo ti ń fẹ́ ẹ dànù láti kékeré, kò wò ó rí. Ó wá wo ilẹ̀, ó rí ohun funfun bí iyọ̀ tó gbọ̀n nù. Iyanrìn nìyẹn náà. Iyanrìn Havana.

Ó fi èékánná gbẹ́ ìda dúdú tó wà lórí ìwé ikú Melchor. Lábẹ́ ìda, níbi tí ọtí kíkan kò lè dé, iyanrìn wà níbẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ tàdáwà. Ó dúdú, ó ń dán. Ó wo ìwé ikú Brígida, dúdú ni.

Àgbàlagbà ọkùnrin náà sáré. Àwọn ènìyàn rò pé ilé ń jó. Nígbà tó dé inú San Telmo, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn ki ìka bọ inú àpótí iyanrìn Ibarra. Funfun báláú ni.

"Ṣé irú èyí nìkan ló wà nínú ọkọ̀?"

"Kí la fẹ́ fi òmíràn ṣe?"

"Ẹ tú Gaspar sílẹ̀," Don Tadeo sọ fún àwọn akódà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé e wàyí. Iyanrìn erékùṣù ni wọ́n fi gbẹ ìwé náà, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ ọ́, nígbà tí gbogbo ará ọkọ̀ ṣì wà lórí omi. Lẹ́tà Melchor gúnlẹ̀ láyọ̀. Ilé tí wọ́n gbé e lọ ló kú sí. Nínú ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bó bá lọ pariwo lé Úrsula lórí, á jó ìwé ìpè mọ́ ọn lójú kó tó wọlé. Ó ní láti jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ so ara rẹ̀.

Wọ́n kéde fún àdúgbò pé ìwé kan dé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kíá ni àgbàlá ilé Brito kún, àwọn obìnrin gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá láti fi gbọ́ ìwé. Wọ́n mú Brígida jókòó sẹ́yìn, ìborùn lójú. Òjìji òkè ti ń gùn bọ̀ lára ògiri.

"Doña Úrsula," Don Tadeo ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "mo wá tọrọ àforíjì. Òótọ́ lẹ sọ pé ojú mi ò ríran dáadáa. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ ti ń da ìwé yín rú, ó ń ta àyè orí ọkọ̀."

Ara Úrsula balẹ̀. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé àwọn atukọ̀ yẹn ò ṣeé gbọ́kàn lé!"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ ẹ̀sùn kí adájọ́ lè rí i. Ìlà méjì ti tó."

Úrsula kò jẹ́ kó tún un sọ. Wọ́n gbé tàdáwà wá, ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, ó bu iyanrìn sí i, ó fẹ́ ẹ, ó sì nà án sí Don Tadeo.

Don Tadeo tẹ́ aṣọ ìnujú funfun sórí òkúta. Ó gbọn ìwé Úrsula sí igun kan, ó gbẹ́ abẹ́ ìda ìwé ikú sí igun kejì, ó gbọn ìwé àdéhùn Melchor sí ìkẹta.

"Màmá Nicolasa, ẹ bá mi wò ó. Kí lẹ rí?"

Ìyá arúgbó aládùúgbò náà tẹ̀ ba. "Dúdú. Dúdú. Èyí funfun. Kí lèyí?"

"Èyí tó funfun ni Melchor fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní Havana. Bó ṣe wà lórí gbogbo ìwé tó ti ibẹ̀ wá nìyẹn. Èyí ni ti Doña Úrsula tó kọ lójú gbogbo wa. Èyí àárín ni ti àlùfáà Havana tó ní Melchor kú. Ẹ bá mi bi í o, ẹ̀yin ará àdúgbò: àlùfáà Havana, níbo ló ti rí iyanrìn etí òkun wa bù?"

"Iyanrìn ni iyanrìn!" Úrsula jágbe.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Doña. Lójú ẹni tí kò kúrò ní erékùṣù yìí rí, iyanrìn ni iyanrìn. Ẹ rántí ọtí kíkan. Ẹ rántí ọ̀bẹ. Ẹ rántí ìda dúdú. Iyanrìn lẹ ò rántí, nítorí pé ẹ ò mọ̀ pé ó ní àwọ̀."

Brígida ti dìde dúró.

"Ṣé ọkọ mi wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Ó ránṣẹ́ pè ọ́. Kapitéènì ń dúró dè ọ́ ní èbúté, òun náà ló sì sọ fún mi pé 'Ewúrẹ́ Òkè' ni ọkọ rẹ ní kí òun gbé bọ̀."

Brígida fa ìborùn dúdú náà ya kúrò lórí. Kò sọkún. Ó wo Úrsula bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ jókòó tì mí, ẹ ń nu omi ojú mi nù."

"Èmi ni mo tọ́ Melchor!" Úrsula kígbe. "Ìyá wa kú, èmi ni mo gbé e pọ̀n! Mi ò lọ́kọ nítorí rẹ̀! Kó dé Havana tán kó máa kọ̀wé, Brígida, Brígida! Kò sí ìgbà kan tó kọ ọ́ pé, Úrsula, ìwọ náà máa bọ̀! Ẹ fẹ́ lọ, ẹ̀yin méjèèjì, kí n wá máa jẹ òfì bí oúnjẹ? Ṣé mo pààyàn ni?"

"Ẹ pa méjì," Don Tadeo wí. Ìbínú tó ti ń gbé láti àárọ̀ ti rí ẹni tó ni ín. "Ẹ fi ahọ́n pa wọ́n. Ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin yẹn fi ń pe ìyàwó rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń dúró sí àárín àgbàlá yìí, tẹ́ ẹ fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tiyín. Àánú yín ṣe mí, Doña, ṣùgbọ́n ẹ máa sọ ọ́ fún adájọ́. Lẹ́tà dà?"

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Úrsula. Ó wọlé, ó jáde padà pẹ̀lú ìdì ìwé tó fi òwú ṣẹ́dà dì. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, láti èyí tó kọ́kọ́ dé. Ìwé ìpè ló wà lókè.

"Mi ò jó wọn," ló wí. "Ọwọ́ àbúrò mi ló kọ ọ́."

Láti ìsàlẹ̀ èbúté, agogo ọkọ̀ dún. Don Tadeo yọ ìwé ìpè sọ́tọ̀, ó gbé e fún akódà kan kó sáré mú un lọ bá aláṣẹ èbúté. Ó tú èyí tó kọ́kọ́ dé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó wú ikọ́. Àwọn obìnrin sún mọ́ ọn, Màmá Nicolasa ti ń nu ojú.

Brígida na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ má kà á, Ọ̀gá."

"Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni o. Kò sí irọ́ níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gbà yín náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ti tó mi." Ó gba ìwé náà, ó kó o mọ́ ìyókù. "Ẹni tó kọ ọ́ ló máa kà á fún mi."

Ó di àwọn lẹ́tà náà mọ́ àyà, ó sì gba ọ̀nà èbúté lọ.